Nígbà Tí Oúnjẹ Kò Bá Gba Ọ̀fun Ọmọ Lọ: Báwo Làwọn Dókítà Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Fà Á?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan. Gbogbo ará ilé ti jẹun tán, wọ́n ti palẹ̀ àwo mọ́, òun nìkan ló ṣì jókòó ti oúnjẹ rẹ̀. Bó bá gbé òkèlè kan mì, á mu omi, á dìde dúró, á na ọrùn sókè, á tún mu omi. Nígbà míì, á sáré jáde lọ bì. Lóru, ó máa ń wúkọ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ìyá rẹ̀ á rí i pé ìrọ̀rí rẹ̀ ti tutù, ìrẹsì tó jẹ lálẹ́ àná sì wà lára rẹ̀. Ọmọ náà ń rù. Bàbá rẹ̀ ní àkẹ́jù ló ń ṣe é. Ìyá àgbà ní ó ń jẹun lójú oorun. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oògùn ikọ́, lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní oògùn àyà títa, lẹ́yìn náà wọ́n ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ fún un. Ọdún méjì ti kọjá.

Kò sí ìkankan nínú àwọn èèyàn yìí tó fẹ́ ibi fún ọmọ náà. Àmọ́ kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀ láàárín ọ̀fun àti ikùn. Ìbéèrè yẹn la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí òbí tó bá mọ ohun tó yẹ kó kíyè sí, tó sì mọ bó ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún dókítà, lè gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyà ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin pásítọ̀ àti aṣáájú ìjọ pẹ̀lú, torí pé nígbà míì, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá.

Ìrìn Àjò Òkèlè Kan

Gbígbé nǹkan mì dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ iṣan tó ju 25 lọ ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ahọ́n á ti oúnjẹ sẹ́yìn. Ẹran rírọ̀ tó wà lókè ẹnu á gbéra kí oúnjẹ má bàa gba imú jáde. Gògóńgò á sún sókè, ìdérí kékeré kan á bo ọ̀nà èémí, èèyàn ò sì ní mí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà yẹn ni ẹnu ọ̀nà oúnjẹ á ṣí.

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tá a lè fi ìfẹ́ inú wa ṣe sí i mọ́. Ọ̀nà oúnjẹ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lára àgbàlagbà, àmọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lára ọmọ tuntun. Oúnjẹ kì í kàn já bọ́ gba inú rẹ̀ bí ìgbà tí omi ń gba inú páìpù. Ńṣe ni iṣan ara rẹ̀ ń fún pọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, tó sì ń ti oúnjẹ síwájú, bí ẹni ń fi ìka fún ọṣẹ ìfọyín jáde nínú ike rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dorí kodò pàápàá fi lè gbé omi mì. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti pàdé àpòlúkù, iṣan kan wà tó rí roboto bí òrùka. Pípadé ló máa ń wà, kí omi kíkan inú àpòlúkù má bàa padà sókè. Àmọ́ bí oúnjẹ bá ti ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ dẹ̀ kó lè kọjá, kó sì tún padé.

Ìṣòro lè yọjú níbikíbi nínú ìrìn àjò yìí. Ó lè jẹ́ pé iṣan ẹnu àti ti ọ̀fun ni kò já fáfá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà oúnjẹ ti fún níbì kan. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà náà ò fún rárá, àmọ́ tí iṣan rẹ̀ ò ti oúnjẹ mọ́, tàbí tí òrùka ìsàlẹ̀ kọ̀ tí kò dẹ̀. Ohun tó mú kí àyẹ̀wò rẹ̀ ṣòro ni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹni tó jókòó ti ọmọ nídìí oúnjẹ: ọmọ ò jẹun, ó ń bì, ó ń wúkọ́, ó ń rù.

Omi, Ẹ̀kọ Tàbí Iyán: Èwo Ló Nira Jù?

Kí dókítà tó mú ẹ̀rọ èyíkéyìí jáde, ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ pé omi ló ń pá ọmọ lórí, tí ẹ̀kọ tó ki sì ń lọ dáadáa, ẹnu àti ọ̀fun ni dókítà á kọ́kọ́ fura sí. Omi máa ń yára ṣàn, ó sì lè dé ẹnu ọ̀nà èémí kí iṣan tí kò lágbára tó pa á dé. Bó bá jẹ́ oúnjẹ líle ló ń há, bí ẹran àti búrẹ́dì, tí omi àti ẹ̀kọ sì ń lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà oúnjẹ ti fún. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé oúnjẹ líle àti omi ni wọ́n jọ ń ṣòro láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣan ọ̀nà oúnjẹ fúnra rẹ̀ lẹni tí à ń wá. Èyí kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, àmọ́ ó ń fi ibi tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ hàn.

Ohun kan wà tó lè tan àwa Yorùbá jẹ níbí. A kì í rún òkèlè lẹ́nu, ńṣe là ń gbé e mì, ọbẹ̀ sì ń mú kó yọ̀. Ọmọ tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ti ń fún lè máa jẹ àmàlà àti ewédú fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, títí dọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹran tàbí búrẹ́dì fún un. Nítorí náà, tí dókítà bá béèrè pé, “Ṣé ó ń jẹun?”, kò tó láti dáhùn pé, “Ó ń jẹun, sà.” Ẹ sọ irú oúnjẹ tó ń jẹ, iye àkókò tó fi ń jẹ ẹ́, àti bóyá ó máa ń fi omi tì í.

Ìbéèrè kejì kò dùn ún sọ, àmọ́ ó ṣe pàtàkì gan-an: báwo lohun tí ọmọ náà ń bì ṣe ń rùn? Oúnjẹ tó ti dé àpòlúkù máa ń kan. Àmọ́ èyí tí kò kọjá ọ̀nà oúnjẹ máa ń padà bó ṣe wọlé: ìrẹsì á ṣì jẹ́ ìrẹsì, ẹ̀wà á ṣì jẹ́ ẹ̀wà. Òótọ́ ni pé bó bá pẹ́ jù níbẹ̀ ó lè bà jẹ́ kó sì máa rùn, àmọ́ kì í kan bí omi inú àpòlúkù. Ìyá tó ń fọ aṣọ ìrọ̀rí lè fi imú rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí kí ẹ̀rọ kankan tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣeni láàánú pé ìyá kan lè mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni má bi í.

Ó tún yẹ kí dókítà mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ tuntun bá ń hó itọ́ lẹ́nu, tó sì ń dúdú lẹ́nu nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún un lọ́mú, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 3,500 ni wọ́n ń bí tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ já sí méjì. Nọ́ọ̀sì á ki ọ̀pá rírọ̀ kan bọ imú ọmọ náà. Bí kò bá lọ mọ́, X-ray á fi ibi tó dúró sí hàn. Ọdún 1941 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Cameron Haight kọ́kọ́ ṣàṣeyọrí láti so irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà, àmọ́ iṣan ọ̀nà oúnjẹ wọn kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí òbí má ṣe rò pé iṣẹ́ abẹ náà ti parí gbogbo rẹ̀.

Àwọn Ọmọ Tí Omi Ń Pá Lórí

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọpọlọ wọn fara pa nígbà ìbí, bóyá torí pé wọn ò tètè ké tàbí torí pé ara wọn pọ́n jù lẹ́yìn tí wọ́n bí wọn, ni kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ máa ń rí wọn tí wọ́n ń wa itọ́, tí oúnjẹ ń dà sí wọn láyà. Òtútù àyà ni ewu wọn tó ga jù, torí pé oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ń ṣì wọnú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀ ni pé ọmọ kan lè fa oúnjẹ sínú ẹ̀dọ̀fóró kó má wúkọ́ rárá, nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyá rẹ̀ á rò pé ó ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àyẹ̀wò tó ń tú àṣírí yìí ni fídíò X-ray. Wọ́n á gbé ọmọ jókòó bó ṣe máa ń jókòó nílé, wọ́n á po báríọ́mù mọ́ omi, mọ́ ẹ̀kọ tó ṣàn àti èyí tó ki, wọ́n á sì fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ ti ń ya ọ̀fun rẹ̀. Báríọ́mù jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tí X-ray ò lè là kọjá, nítorí náà ó máa ń hàn kedere. Nípa báyìí, dókítà á mọ irú oúnjẹ tó lè lọ láìséwu, àti bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé orí ọmọ sí.

Ibí yìí ló ti pọn dandan ká sọ̀rọ̀ nípa rírọ ọmọ, ìyẹn kí wọ́n tẹ́ ọmọ sórí itan, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Àwọn míì á tún dí i nímú. Àwọn ìyá wa ò ṣe é nítorí ìkà, wọ́n fẹ́ kí ọmọ yó ni. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n dí nímú ò ní ibòmíì tó lè gbà mí ju ẹnu lọ, tó bá sì mí, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ á bá èémí wọlé. Bí èyí bá léwu fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, mélòómélòó ni ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀!

Ohun Tí Ẹ̀rọ Ń Fi Hàn

Bí ìfura bá wà lórí ọ̀nà oúnjẹ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà á tún fi báríọ́mù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á mu ún, wọ́n á sì ya fọ́tò àyà rẹ̀ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lè tún un yà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú 5, láti mọ bóyá ó ń lọ àbí ó dúró sójú kan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí wo inú ọ̀nà oúnjẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ọmọ ní oògùn oorun. Ó lè jẹ́ pé àpá ni wọ́n máa rí níbẹ̀. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ti ba ọ̀nà oúnjẹ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ nílẹ̀ wa, torí pé inú ike omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n máa ń rọ ọ́ sí. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe mú kó bì, nítorí ohun tó jó o nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bátìrì róbótó tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré àti rìmóòtù: ó lè jó ọ̀nà oúnjẹ láàárín wákàtí méjì. Dókítà tún lè gé ẹran ara bíńtín láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ara àwọn ọmọ kan kọ àwọn oúnjẹ kan, èyí sì máa ń mú kí ọ̀nà oúnjẹ wọn wú.

Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí kámẹ́rà má rí nǹkan kan. Kò sí àpá, kò sí egbò, síbẹ̀ oúnjẹ ò lọ. Kámẹ́rà ń rí ara, kò lè rí agbára. Àyẹ̀wò tó ń wọn agbára iṣan ni èyí tí wọ́n ń pè ní manometry. Wọ́n á ki okùn rírọ̀ kan bọ imú ọmọ títí dé àpòlúkù. Oríṣi tó wọ́pọ̀ ní ohun tó ń wọn ìfúnpá ní ibi 36 lára rẹ̀. Ọmọ náà á wá máa gbé omi mì díẹ̀díẹ̀, bí iṣan bá sì ti ń fún pọ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi á máa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Dókítà á rí i bóyá òrùka ìsàlẹ̀ dẹ̀ tàbí kò dẹ̀.

A ò ní tan yín: àyẹ̀wò náà kì í rọ ọmọ lọ́rùn. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ là sílẹ̀, kó sì gbé omi mì nígbà tí wọ́n bá ní kó gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ki okùn sí nímú á máa ké ni. Yàtọ̀ síyẹn, ara àgbàlagbà ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ lára òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò. Ìlànà tí àwọn dókítà kárí ayé ń lò, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Chicago pè, jáde ní ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ lọ́dún 2021, síbẹ̀ ẹni tó bá ń lò ó fún ọmọdé gbọ́dọ̀ fi òye kún un. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò báríọ́mù tí wọ́n bá yà dáadáa, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì kà á, fi ṣeyebíye gan-an níbi tí kò bá ti sí manometry.

Òrùka Tí Kò Dẹ̀

Tá a bá pa dà sórí ọmọkùnrin tá a fi bẹ̀rẹ̀, fọ́tò báríọ́mù rẹ̀ á fi hàn pé ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ fẹ̀ lókè, ó sì ṣóńṣó nísàlẹ̀ bí àgógó ẹyẹ. Orúkọ àìsàn yìí ni achalasia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àìdẹ̀. Àwọn fọ́nrán tó ń sọ fún òrùka ìsàlẹ̀ pé kó dẹ̀ ló ti kú. Kò wọ́pọ̀: lọ́dọọdún, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100,000 ló ń ṣe, àwọn ọmọdé ò sì tó 5 nínú 100 àwọn tó ń ṣe. Torí pé kò wọ́pọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣe máa ń pè é ní ohun míì: ikọ́ fée, àyà títa, tàbí ìwà agídí.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Lọ́dún 1674, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Willis kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí oúnjẹ kì í dé àpòlúkù rẹ̀. Ó so kànrìnkàn mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi egungun àbùùbùtán ṣe, ọkùnrin náà sì ń fi ti oúnjẹ wọlé lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ tó bá jẹ. Ó lò ó fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá.

Ọmọ Tó Ń Sunkún Tí Omijé Kò Jáde

Bí dókítà bá ti rí achalasia lára ọmọdé, ìbéèrè kan wà tí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: “Tí ọmọ yìí bá ń sunkún, ṣé omijé máa ń jáde lójú rẹ̀?” Lọ́dún 1978, dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Allgrove àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ròyìn ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́rin láti inú ìdílé méjì nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Gbogbo wọn ló ní achalasia, ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín wọn kò sì pèsè omi ìsúnniṣe tó yẹ kó pèsè. Mẹ́ta nínú wọn kò ní omijé tó bó ṣe yẹ. Àrùn tí wọ́n wá fi orúkọ Allgrove pè nìyẹn. Lọ́dún 2000, wọ́n rí apilẹ̀ àbùdá tó ń fà á. Ńṣe ló dà bí ọ̀rọ̀ AS àti SS tí gbogbo wa mọ̀: bàbá àti ìyá lè gbé e láìmọ̀, kí ọmọ wá jogún ti àwọn méjèèjì.

Àìsí omijé ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, láti kékeré. Àwọn èèyàn lè máa fi ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹkún irọ́ ló ń sun. Àmọ́ ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ló lè pa á. Omi ìsúnniṣe tó ń ti ibẹ̀ wá ló ń bá ara gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ró nígbà tí èèyàn ò bá jẹun. Tí kò bá sí, ọmọ lè jí láàárọ̀ kó máa gbọ̀n, kí gìrì mú un, kó má sì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn tó bá rí i á pè é ní wárápá. Ara rẹ̀ tún lè máa dúdú sí i, pàápàá ní èrìgì, ní ìlà àtẹ́lẹwọ́ àti oríkèé ìka. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le: wọ́n á fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìpéǹpéjú ọmọ fún ìṣẹ́jú 5 láti wo bí omi ṣe rin ín tó, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ó pọn dandan kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, torí pé ara tí kò ní omi ìsúnniṣe yìí lè má lè fara da iṣẹ́ abẹ náà. Oògùn tó ń dípò rẹ̀ wà, ojoojúmọ́ ni ọmọ náà á sì máa lò ó.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ìdí nìyí tá a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ní kí ọmọ tó ń rù, tó sì ń bì, gbààwẹ̀, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ìjọ lè ràn án lọ́wọ́.

Kí ìyá náà tó lọ, kó fi fóònù ya fídíò ọmọ náà nígbà tó bá ń jẹun lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsọ fún un pé kó ṣe dáadáa. Kó mú káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí dání. Kó kọ àwọn oúnjẹ tó ń lọ àti èyí tí kò lọ sílẹ̀, iye ìgbà tí òtútù àyà ti mú un, àti bóyá ìṣòro kan náà ti bá ẹlòmíì nínú ìdílé rí. Tí oògùn àyà títa kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò burú tó bá fọ̀wọ̀ bi dókítà pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò yẹ ká ya fọ́tò báríọ́mù?”

Ní ti achalasia, wọ́n lè ki bàlúù kékeré kan sínú òrùka tó kọ̀ tí kò dẹ̀ kí wọ́n sì fẹ́ ẹ láti là á, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí Ernst Heller kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì lọ́dún 1913, ìyẹn ni pé kí wọ́n la iṣan òrùka náà láti ìta. Láti ọdún 2008, tí Haruhiro Inoue ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Japan, àwọn kan ń gba ẹnu wọlé láti là á. Kò sí èyí tó ń jí àwọn fọ́nrán tó ti kú. Ọ̀nà kàn là ni, oúnjẹ á sì máa fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ọmọ náà á ṣì máa jókòó dáadáa jẹun, á máa fi omi tì í, kò sì ní máa dùbúlẹ̀ ní kété tó bá jẹun tán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tún fún un ní báríọ́mù mu, dókítà á wo bó ṣe ga tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, á sì fi wé fọ́tò àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ kan á nílò kí wọ́n tún ṣe é lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, torí náà kí ìyá wọn tọ́jú fọ́tò méjèèjì pa mọ́.